Máàkì Ọmọ Mẹ́wàá Kì Í Ṣe Máàkì Ọgọ́rùn-ún Ọmọ

 

Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ wa máa fún ilé-ìwé tí máàkì rẹ̀ bá ga jù lówó lọ́dọọdún. Inú mi dùn sí owó náà. Òṣùwọ̀n tí a fẹ́ lò ni mo ní ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ gba Tollgate wọlé, ẹ ó rí pátákó ilé-ìwé aládàáni lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ mẹ́wàá péré lè wà ní Praimari Kẹfà ibẹ̀. Ti ìjọba tó wà nítòsí lè ní ọgọ́rùn-ún, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ò yé kó wọ àdúgbò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ. Ká ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba 60 níbi méjèèjì. Ibà wá dá ọmọ kan gúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó gba òdo. Tí a bá ro máàkì wọn pọ̀, tí a fi iye ọmọ pín in, ilé-ìwé ọlọ́mọ mẹ́wàá já sí 54. Ti ọlọ́gọ́rùn-ún ṣì wà ní 59.4. Ibà kan náà ni o! Olùkọ́ kankan ò sì yí padà. Bó bá sì jẹ́ olórí pípé kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ilé-ìwé kékeré á fò sókè fíofío. Ìdí nìyẹn tó fi lè ṣe ipò kìn-ín-ní lọ́dún yìí, kí ẹ tún bá a nísàlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má gbọ́ mi sódì, n ò ní kíláàsì ńlá dáa. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní ọmọ 35 ni kí olùkọ́ kan máa kọ́ ní praimari. Ní Tennessee l'Amẹ́ríkà, láti ọdún 1985, wọ́n ṣẹ́ gègé pín àwọn ọmọ: àwọn kan sí kíláàsì ọlọ́mọ 13 sí 17, àwọn mìíràn sí ti 22 sí 25. Àwọn tó wà ní kíláàsì kékeré mọ̀wé kà jù, wọ́n mọ ìṣirò jù. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé 79 ni wọ́n lò, ọmọ tó ju 11,000 lọ, kí wọ́n tó lanu sọ̀rọ̀. Àwa fẹ́ fi ọmọ mẹ́wàá, ọdún kan ṣoṣo, dájọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mú èsì ọdún mẹ́ta wá, kó kọ iye ọmọ tó ṣe ìdánwò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọmọ ò bá pọ̀, ká da ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ibi tí olùkọ́ kan bá sì ti ń kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ, ká kọ́kọ́ yọ lára owó yẹn, ká fi gba olùkọ́ kan sí i fún wọn, ká tó máa sọ ti ipò kìn-ín-ní.