Àrùn Kata: Bí Ó Ṣe Ń Kọ́kọ́ Pa Ọlọ́dẹ Kí Ó Tó Pa Ewúrẹ́

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀sìn ewúrẹ́, nítorí ó pọ̀ nínú wa ní Ogbe níbí tí ó so méjì mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìnkùlé. N kì í ṣe dókítà ẹran. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n mo ti sin ewúrẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì tí Yorùbá ń gbà sọ ọ́: mo ti sìn wọ́n, mo sì ti sin wọ́n. Kata ló pọ̀ jù nínú ohun tó fa èkejì.

PPR ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1942. Ẹ mọ̀ ọ́n: ara ẹran á gbóná, ojú àti imú á máa ṣomi, ẹnu á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru á dé, mímí á wá di iṣẹ́. Kì í ran ènìyàn.

Bí ó ṣe ń pa ẹran ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, bíi tiwa, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ń ṣọ́ ara. Àwọn kan dà bí ọlọ́pàá: wọ́n ní láti gba ẹ̀sùn sílẹ̀ ná, ó sì lè di ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó jáde. Àwọn mìíràn dà bí ọlọ́dẹ àdúgbò; natural killer ni orúkọ wọn. Wọn kì í dúró gba àṣẹ. Bí wọ́n bá kan sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, wọn á dá a lu, wọn á da oró sínú rẹ̀, wọn á sì ké sí àwọn yòókù.

Ilẹ̀kùn kan wà lára púpọ̀ nínú àwọn aṣọ́nà wọ̀nyí, SLAM ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì kata ń gbà wọlé. Inú ẹni tó yẹ kó mú un ló ti ń bí sí i! Ọ̀pọ̀ aṣọ́nà á kú, iye sẹ́ẹ̀lì funfun á já wálẹ̀, ọwọ́ àwọn ọlọ́dẹ natural killer náà á sì rọ. Bákítéríà tó ti wà nímú ẹran tẹ́lẹ̀, tí kò rí nǹkan ṣe, á wá sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yin ìyá mọ irú rẹ̀: èéyi, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles, ìbátan kata ni, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń gbà. Ọmọ á bọ́ lọ́wọ́ èéyi, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru á tún gbé e dè.

Ìdí nìyí tí kápúsù tẹtirasáíkílìn tí a ń tú sómi fún ẹran kò fi tó. Ó lè bá bákítéríà jà, kò rí fáírọ́ọ̀sì mú, kò sì lè dá ọlọ́dẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí àrùn tó dé ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹni tó bá ń sọ pé ohun rere kan kì í ti ilẹ̀ yìí jáde, ẹ bá mi sọ fún un: Nigeria 75/1 ni orúkọ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di aláìlágbára láti fi ṣe abẹ́rẹ́ náà. Lára ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975, Áfíríkà àti Éṣíà sì ń lò ó. Wọ́n ń ṣe é ní Vom, nítòsí Jos. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Rinderpest, ẹ̀gbọ́n kata tó ń pa màlúù, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi lé e kúrò láyé pátápátá ní 2011. Ọdún 2030 ni àwọn àjọ àgbáyé dá fún kata.

Ìṣòro tiwa kéré, ó sì le. Òtútù ni abẹ́rẹ́ náà ń fẹ́, iná ọba sì mọ ohun tó ń ṣe fún wa. Ìgò kan tó ọ̀pọ̀ ẹran, bí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí díẹ̀ ló ní. Ta ló fẹ́ ra ìgò odindi fún ewúrẹ́ mẹ́ta? Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kó ẹran wa jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣáájú Iléyá àti Kérésì tí ẹran ọjà ń ya wọlé. Ewúrẹ́ tí ẹ bá rà lọ́jà, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó bá ń ṣàìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré tà á; àgbàlá ẹlòmíràn ló ń lọ.

Ìwé wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹ kọ iye ewúrẹ́ yín síbẹ̀ kí ẹ tó máa lọ, kí a lè mọ iye ìgò tí a ó béèrè fún.