Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kò Gbọ́ Oògùn Orí Àtẹ
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Sanguéra, Lomé



Gbogbo wa la mọ àtẹ oògùn ẹ̀bá títì: páálí tí oòrùn ti ṣí láwọ̀, hóró oògùn tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, kí aláìlówó lè rí tirẹ̀ rà. Ibi tí wọ́n gé kúrò lè jẹ́ ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ ìbàjẹ́ rẹ̀ sí gan-an. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju èyí lọ: oògùn tí kò péye burú ju àìlóògùn lọ, nítorí ẹni tí kò lóògùn mọ̀ pé òun kò ní.

Àìsàn tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá fún, tipátipá ni ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Bó bá pẹ́, ara ọkàn á nípọn, á sì rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ á wú, mímí á di iṣẹ́. Bí òṣùwọ̀n bá ń fi 140 lórí 90 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Kì í pariwo. Ẹlòmíràn kò ní fura títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò bá lè gbé ife mọ́.

Oògùn rẹ̀ wà. Amlodipine ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Hydrochlorothiazide ń gba ojú ìtọ̀ da iyọ̀ àti omi nù. Ní 2019, ìwádìí láàárín aláwọ̀ dúdú ní orílẹ̀-èdè 6 ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú wọn, fi hàn pé bí amlodipine bá wà nínú oògùn méjì tí a pa pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wa máa ń rọ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n orúkọ ara páálí kọ́ ló ń woni sàn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde àyẹ̀wò oògùn ọkàn láti orílẹ̀-èdè 10 jáde. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú nǹkan bí 1,530 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 16 nínú 100 ni kò péye. Ti amlodipine tó ìdá 29. Èyí tí wọ́n ṣe ní Éṣíà tí wọ́n sì tà lójú pópó, ìdajì ni kò péye. Òmíràn kò pé láti ilé iṣẹ́ wá. Òmíràn sì wà tí oòrùn ń pa lórí àtẹ, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba amlodipine jẹ́.

Òfin ọ̀daràn Tógò ti ọdún 2015 kò fojúure wo oníṣòwò ayédèrú oògùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ní Lomé yìí, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tọwọ́ bọ̀wé láti gbógun ti òwò náà. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró ti gbogbo àtẹ, ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ju hóró mẹ́ta lọ kò sì ṣe é bú.

Nítorí náà, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ bi apoògùn léèrè èyí tó dínwó tó sì péye. Ẹ dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù. Ẹ má torí pé ara yá dá oògùn dúró. Oògùn náà ló mú un yá. A máa ń dáwó ìsìnkú láìjanpata. Ẹ jẹ́ ká dá a fún oògùn ẹni tó ṣì wà láàyè.