Nípa Pípín Wáyà Tẹlifíṣọ̀n Nínú Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

Nígbà tí Akọ̀wé wa kéde pé ọ̀rọ̀ wáyà tẹlifíṣọ̀n ni èmi yóò sọ, mo rí i tí àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò bá wọn wí. Ẹni tí ó jẹ́ pé ìwàásù àti ìkọ́ni ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ni ó kàn án nínú wáyà? Ṣùgbọ́n ìjà tí mo ti bá àwọn ará ilé parí nítorí wáyà yìí láàrin ọdún díẹ̀ kò kéré, owó tí mo sì ti rí tí wọ́n ná dànù lórí rẹ̀ tó owó ilé-ìwé ọmọ kan fún sáà kan. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ìrọ̀lẹ́ kan yẹ̀ ẹ́ wò.

Agboolé kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Àńtẹ́nà kan ṣoṣo ni ó wà lórí ọ̀pá lẹ́yìnkùlé wọn, wáyà kan ṣoṣo sì ti ibẹ̀ wọ pálọ̀ ńlá, níbi tí ìyá àgbà ilé náà, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ti máa ń jókòó wo ìròyìn ní èdè Yorùbá ní alaalẹ́. Nígbà tí àbúrò gbé ìyàwó, wọ́n gé wáyà náà nínú àjà, wọ́n sì fa ẹ̀ka kan lọ sí yàrá ìyàwó. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n tún fa òmíràn lọ sí yàrá ọmọ-ọmọ kan. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwòrán pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́. Ìkànnì kan ṣoṣo tí ìyá fẹ́ràn jù sì pòórá pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni méjì yòókù ń hàn. Wọ́n ra búsítà kan, wọ́n ra èkejì, wọ́n ra ẹ̀kẹta. Ìyá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kan ni ó wá sọ ọ́ létí gbogbo ilé pé láti ìgbà tí ìyàwó ti wọlé ni àwòrán ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé agboolé rí mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti wá pẹ̀tù sí aáwọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ẹjọ́ náà tán, àkàbà àti tọ́ọ̀ṣì ni mo béèrè fún.

Kí n tó sọ ohun tí a bá nínú àjà, ẹ jẹ́ kí a wo wáyà náà fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní coaxial. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, ẹ ó rí i pé bí àlùbọ́sà ni ó rí, ìpele lórí ìpele. Okùn bàbà kan wà ní àárín gbùngbùn. Ohun funfun bíi fóòmù yí i ká. Lẹ́yìn náà ni bébà alumíníọ́mù àti àwọ̀n tín-ín-rín tí a fi okùn irin hun. Rọ́bà sì bo gbogbo rẹ̀. Ìgbì tí àńtẹ́nà mú láti ojú òfuurufú ń rìn nínú fóòmù yẹn, láàrin okùn àárín àti àwọ̀n. Àwọ̀n náà ni ògiri tí kò jẹ́ kí ariwo mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀ wọlé, tí kò sì jẹ́ kí ohun tí ó wà nínú sá jáde. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ọ̀gbẹ́ni Oliver Heaviside, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní 1880. Ní Amẹ́ríkà, Espenschied àti Affel gba tiwọn ní 1931, àwọn ni wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí ó lè gbé ọ̀pọ̀ ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, 1959, ẹni tí ó bá ní ọ̀kan ní àdúgbò, gbogbo àdúgbò ni ó ní i, àwọn ọmọdé a sì kún ojú fèrèsé rẹ̀ fọ́fọ́. Ta ni ìbá ronú àtipín wáyà nígbà náà? Yàrá ni ó wá pọ̀ lónìí.

Nǹkan kan wà tí ẹ kò lè fi ojú rí lára wáyà yìí, òun sì ni ìwọ̀n rẹ̀, 75 ohm. Àńtẹ́nà, wáyà àti ẹnu tẹlifíṣọ̀n, 75 yìí ni a fi ṣe gbogbo wọn kí wọ́n lè bá ara wọn mu. Bí omi tí ó ń ṣàn nínú kòtò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba bá ṣàdédé kan ibi tí kòtò náà fẹ̀ tàbí tí ó fún, omi yóò rú, apá kan yóò sì ta padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbì ń ṣe. Nísinsìnyí, nígbà tí oníṣẹ́ bá bó ara wáyà, tí ó lọ́ bàbà mọ́ bàbà, tí ó lọ́ àwọ̀n mọ́ àwọ̀n, tí ó sì fi téèpù dúdú wé e, ìgbì tí ó ń bọ̀ kò bá 75 pàdé mọ́ ní oríta náà. Ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì 75 ni ó sì bá pàdé, èyíinì ni 37.5. Ìdá kan nínú mẹ́sàn-án agbára rẹ̀ yóò ta padà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yóò pín ìyókù.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé bíi 44 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kan ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Sípílítà tí ó dára, èyí tí a ń rà lọ́jà, ń fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní bíi 45. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé lílọ́ wáyà pọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ agbára ju sípílítà lọ, kò parọ́. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ibi rẹ̀ wà. Sípílítà ní ohun kan nínú tí ó ń dínà láàrin ẹ̀ka kan àti èkejì, tí ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní yàrá kan kì í fi í fi bẹ́ẹ̀ dé yàrá kejì. Ìlọ́pọ̀ kò ní irú rẹ̀. Ẹ wá ro ti ẹ̀ka tí kò ní tẹlifíṣọ̀n ní ìdí. Ó dà bí ọ̀nà tí ó já sí ògiri. Ìgbì tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò lọ dé òpin, yóò sì padà wá sí oríta. Bí gígùn ẹ̀ka náà bá ṣe kòńgẹ́ ìgbì ìkànnì kan, nígbà tí èyí tí ó ń ti àńtẹ́nà bọ̀ bá ń gòkè ni èyí tí ó ń padà bọ̀ yóò máa sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì pa ara wọn. Ìkànnì yẹn yóò kú. Àwọn yòókù yóò wà láàyè, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n.

Ohun tí a bá ní agboolé tí mo wí nìyẹn. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n fa wáyà sí yàrá rẹ̀ ti lọ sí yunifásítì, ó sì ti gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dání. Ìdí wáyà náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn ibùsùn, lásán, nínú yàrá tí wọ́n tì pa. A gé ẹ̀ka náà kúrò ní oríta inú àjà. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún wa. Ìkànnì ìyá padà dé kí ìròyìn alẹ́ ọjọ́ náà tó parí. Ní ọjọ́ kejì a ra sípílítà ẹlẹ́ka méjì, a sì fi ẹnu wáyà tí ó ní sukúrù sí i dípò téèpù.

Ṣùgbọ́n sípílítà náà ní owó orí tí ó ń gbà. Decibel ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìpàdánù yìí, bí a bá sì pàdánù 3, ìdajì agbára ti lọ. Ẹlẹ́ka méjì ń gba bíi 3.5 lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́ka mẹ́rin ń gba bíi 7, èyí tí ó fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀. Ẹlẹ́ka mẹ́jọ ń gba bíi 11, ohun tí ó sì kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ra ẹlẹ́ka mẹ́jọ fún tẹlifíṣọ̀n méjì, nítorí pé ‘ọmọ yóò ṣì pọ̀ sí i.’ Kí Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ra ẹlẹ́ka méjì ná. Nínú àwọn ẹlẹ́ka mẹ́ta, òmíràn wà tí kò pín in dọ́gba: ẹ̀ka kan ń pàdánù 3.5, méjì yòókù ń pàdánù 7. A kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Yàrá tí ó jìnnà jù ni kí ẹ fún ní ẹ̀ka 3.5, nítorí pé wáyà pẹ̀lú ń jẹ tirẹ̀: nínú ọgbọ̀n mítà RG-6, bíi decibel 5 ni ó ń lọ lórí àwọn ìkànnì UHF, RG-59 tí ó tín-ín-rín a sì jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ẹ̀ka tí ẹ kò bá lò, ẹ fi ìdérí kékeré oní 75 ohm dé e.

Bí àwòrán bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹ pín wáyà, ẹ má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ sọ́jà. Ẹ yọ sípílítà kúrò, kí ẹ so wáyà àńtẹ́nà mọ́ tẹlifíṣọ̀n kan tààrà. Bí àwòrán bá mọ́ gaara, ìpín ni ó ní ẹ̀bi, tàbí ẹnu wáyà tí a dè sí i; ẹ wò ó dáadáa bóyá fọ́nrán àwọ̀n kan kò fara kan okùn àárín, nítorí pé fọ́nrán kan péré tó láti pa gbogbo ẹ̀ka náà. Bí kò bá mọ́ síbẹ̀, àìsàn náà wà lókè: àńtẹ́nà ti yí ojú padà, tàbí omi òjò ti wọ ẹnu wáyà tí ó wà lórí ọ̀pá. Kò sí sípílítà tí ó lè wo ìyẹn sàn.

Ọ̀rọ̀ búsítà ni ó ń jẹ àwọn ènìyàn lówó jù. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ já, tí ó wá fi gbohùngbohùn tún un sọ fún ìlú, àìgbọ́já rẹ̀ ni yóò kún ìgboro. Bẹ́ẹ̀ ni búsítà tí a gbé sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìgbì ti rẹ̀ tán nínú wáyà àti nínú sípílítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ariwo sì ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Méjèèjì ni yóò gbé sókè pọ̀. Ibi tí ó yẹ kí búsítà wà ni orí ọ̀pá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àńtẹ́nà, kí ìpàdánù kankan tó dé. Inú wáyà kan náà ni iná rẹ̀ ń gbà gòkè láti inú àpótí kékeré kan nínú ilé. Kí àpótí yẹn wà ṣáájú sípílítà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a wá sípílítà tí ó ní ẹ̀ka tí iná lè gbà kọjá. Ẹni tí ilé rẹ̀ sì sún mọ́ òpó ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò nílò búsítà rárá. Àpọ̀jù ìgbì máa ń ba àwòrán jẹ́ gẹ́gẹ́ bí àìtó ti ń bà á jẹ́.

Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí pé láyé àtijọ́, bí ìgbì bá rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n a kàn máa rí bí ẹni pé eérú ń fò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí ènìyàn. Ọ̀nà tuntun oní-díjítà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà láti Jos ní ọjọ́ 30 oṣù Igbe, 2016, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán yóò mọ́ gaara títí dé etí ọ̀gbun, ìṣísẹ̀ kan sí i ni yóò sì já wẹ́wẹ́ tàbí kí ó dì gbagidi. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń búra pé kò sí ohun tí ó ṣe tẹlifíṣọ̀n wọn rí àyàfi ọjọ́ tí wọ́n pín wáyà. Ó ti wà ní etí ọ̀gbun tipẹ́, decibel 3.5 yẹn ni ó tì í. Nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti díkódà, ẹ lè rí ìwọ̀n agbára àti ìwọ̀n dídára ìgbì bí ẹ bá wọ ibi ètò rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó pín, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ti díṣì. Díṣì kì í ṣe àńtẹ́nà lásán, nítorí pé díkódà ni ó ń fi iná pàṣẹ fún ojú rẹ̀: 13 fólìtì fún apá kan nínú àwọn ìkànnì, 18 fún apá kejì. Bí ẹ bá fi sípílítà so díkódà méjì mọ́ ojú kan ṣoṣo, èyí tí ó bá pè fún 18 ni yóò borí, ẹni tí ìkànnì tirẹ̀ wà ní apá 13 yóò sì máa wo òkùnkùn títí èkejì yóò fi yí ìkànnì padà. Kò sí búsítà tí ó lè tún èyí ṣe. Ojú díṣì oní-ẹnu méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fa wáyà tirẹ̀ fún díkódà kọ̀ọ̀kan. Mo ti mú sípílítà kan àti ègé wáyà mélòó kan dání wá síbi tábìlì yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo inú wọn kí ó súnmọ́ tòsí, ìbéèrè tí ó bá sì wà, mo ṣetán láti gbọ́ ọ.