Ẹ Má Da Interlock Bo Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ẹ Wò: Ọ̀rọ̀ Hydrangea àti Ixora

 

Màmá kan láti Ìgándò fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi fọ́tò ọgbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn: òdòdó hydrangea, tí orí rẹ̀ tóbi bí orí ọmọ tuntun, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Màmá ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní igi yìí le, kì í tètè kú. Ṣé mo lè rí i gbìn síwájú ilé mi?"

Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ má náwó sí i. Igi náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí ló le sí. Nílùú òyìnbó, igi tí yìnyín bò tí kò kú ni wọ́n ń pè ní igi tó le. Ilẹ̀ Japan ni hydrangea elórí ńlá yẹn ti wá. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá ń tutù bọ̀ ló máa ń rudi, ìrudi náà á sì sùn nínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó jí. Níbo la ti fẹ́ rí òtútù bẹ́ẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́? Ọyẹ́ wa kò tó o. Oòrùn Fẹ́búárì á sì jó ewé rẹ̀. Akínkanjú inú òtútù ni. Nínú oòrùn wa, ọ̀lẹ ni.

Èyí tó le nílé tiwa ni ixora. Ẹ mọ̀ ọ́n: igi kúkurú tí òdòdó pupa rẹ̀ máa ń wà ní ìdì rìbìtì rìbìtì, tí àwa ọmọdé máa ń já, tí a ń fa omi dídùn ìdí rẹ̀ mu. Mọ̀lẹ́bí kọfí ni. Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá, níbi tí oòrùn àti òjò ti pọ̀ bíi tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Nígbà tí a kó dé ilé wa ní Ìkọ̀tún, mo ra ixora mẹ́rìnlá lọ́wọ́ àwọn olódòdó ẹ̀bá títì, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ewé orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n, mo da ajílẹ̀ sí i. Ó tún burú sí i. Mẹ́sàn-án kú nínú wọn. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kúkú da interlock sí gbogbo ibẹ̀, ká sinmi." Mo sì ti gbà. Ibẹ̀ nìkan ló sì kù tí ilẹ̀ wà nínú ọgbà wa.

Ọjọ́ tí mo ń hú òkú igi tó gbẹ̀yìn, ṣọ́bìrì mi dún kọ̀ọ̀. Mo wa ilẹ̀ sí i. Sìmẹ́ńtì gbígbẹ ni, àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù! Àwọn tó kọ́lé ló rì wọ́n mọ́lẹ̀, tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa bò wọ́n.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan, ni ixora fẹ́, ilẹ̀ pupa wa sì kan bẹ́ẹ̀. Pípọ́n tó pọ́n yẹn, irin inú rẹ̀ ni. Irin yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ewé tuntun tutù yọ̀yọ̀. Sìmẹ́ńtì ló ń pa kíkan ilẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá kan mọ́, irin kò ní yọ́ fún gbòǹgbò. Igi á wá dà bí ẹni tó jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Hydrangea náà ń gbọ́rọ̀ sí ilẹ̀ lẹ́nu: nínú ilẹ̀ tó kan ni tọmọ màmá fi ní àwọ̀ aró, bí ilẹ̀ kò bá kan, á di pupa rẹ́súrẹ́sú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Bí ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ebi. Bí ewé tuntun tòkè ló ń pọ́n, tí iṣan ewé sì tutù síbẹ̀, ẹ fura sí ilẹ̀. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ẹ ta fínígà sí i. Bó bá ń hó ṣùṣù, sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ jìnnà sí fẹ́ǹsì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ẹ kó àfọ́kù jáde, ẹ fi ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dí i. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sáàárín igi kan sí èkejì. Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni kí ẹ gbìn ín, kí òjò bá yín bomi rin ín. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ máa bomi sí i ní ọjọ́ méjì méjì, ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa fá a lórí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orí ẹ̀ka ni ìrudi wà. Ẹni tó bá ń gé orí ẹ̀ka, òdòdó ló ń gé. Tó bá ti tanná tán ni kí ẹ gé e.

Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ilé ti gba ibi tó pọ̀, interlock sì ń gba ìyókù. Ilẹ̀ tí a bò pa kì í mu omi òjò. Ilé aládùúgbò lomi náà ń wọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín: kí ẹ tó sọ pé ilẹ̀ kò dáa, ẹ gbẹ́ ẹ wò. Nílé wa, ilẹ̀ kò ṣẹ̀. Àwọn márùn-ún tó ṣẹ́kù tí mo tún gbìn ń tanná báyìí, ìyàwó mi kò sì dárúkọ interlock mọ́.

Màmá Ìgándò, tí tiyín bá tanná, ẹ yà á, kí ẹ fi ránṣẹ́ sọ́mọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Kóun náà rí èyí tó le nílé tiwa.

Ó dìgbà kan ná.