Àmì-Ẹ̀yẹ Aṣọ́lé Obìnrin

Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni ayé ń kókìkí. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kọjá aṣọ́lé ni a ń rántí orúkọ tirẹ̀. Àìtọ́ yìí ni àmì-ẹ̀yẹ tí àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, CAF, ń fún aṣọ́lé obìnrin lọ́dọọdún ń tún ṣe.

Ní ìlú Rennes ní 2019, ọmọ ọdún 18 ni Chiamaka Nnadozie. Pẹnáritì tí Wendie Renard ti ilẹ̀ Faransé gbá lu òpó. Ayọ̀ pọ̀! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Nnadozie ti kúrò lórí ìlà, díẹ̀ báyìí. Òfin kò sì mọ díẹ̀. Wọ́n tún un gbá, ó wọlé, Nàìjíríà pàdánù.

Ní Melbourne ní 2023, Christine Sinclair ti Kánádà gbé pẹnáritì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nnadozie ta á dànù. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Lọ́dún náà ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ CAF. Ó tún gbà á ní 2024 àti 2025.