Pátákó Ọ̀nà, Irinṣẹ́ Awakọ̀ Ni

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Àwọn àgbà ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni awakọ̀ yóò bi nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tí dánfó ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀? Pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan ni. Bí pátákó bá dáhùn lódì, awakọ̀ ṣìnà nìyẹn.

Ẹ wo pápá ọkọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Ní 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò tí a kọ́kọ́ mọ̀ níbẹ̀ fún àjò òkè òkun. Ní 2007, wọ́n ṣí òmíràn fún àjò abẹ́lé, wọ́n pè é ní MMA2. Ní 2022, wọ́n tún ṣí ilé tuntun fún àjò òkè òkun, wọ́n pe ìyẹn ní Terminal 2. "Tuu" ti di méjì: ọ̀kan fún ẹni tó ń lọ Àbújá, ọ̀kan fún ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù. Èrò á wọkọ̀, á ní, "Dírẹ́bà, gbé mi lọ sí Tuu." Tuu wo?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 17 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Pátákó tí a kò lè kà títí ó fi ku mítà 50, sẹ́kọ́ńdù 3 péré ló fún wa láti kà á, láti wo dígí, àti láti yà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ọfà kan tọ́ka síwájú, òmíràn tọ́ka sọ́tùn-ún, orúkọ kan náà ló wà lára méjèèjì. A yà sọ́tùn-ún, a bá ara wa níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Kí a tó yí po, ọkọ̀ òfuurufú ti gbéra. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ owó tíkẹ́ẹ̀tì nínú owó wa. Kò sẹ́ni tó bi pátákó léèrè nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará wa ní fákitọ́rì, ẹ mọ irú èyí. Bí ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí bá gé ènìyàn níka, ẹgbẹ́ wa kì í gbà pé ìka ló jẹ̀bi.

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Kí pátákó ṣáájú oríta dáadáa. Kí wọ́n kọ "àjò abẹ́lé" àti "àjò òkè òkun" gàdàgbà sí i. Kí ọ̀gá kankan má yọ owó awakọ̀ láìwádìí.

Àwa náà, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Kí a tó gbéra ni ká ti bi èrò: abẹ́lé ni àbí òkè òkun? Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wo? Bí a bá sì ti kọjá oríta, ká má ṣe fi ẹ̀yìn rìn láé. Ká lọ yí po wá. Ọkọ̀ òfuurufú mìíràn yóò gbéra lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.