Ẹ̀fọ́ Inú Omi ní Ilé-Ìwé Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn sínú omi, láìlo ilẹ̀, tí ilé-ìwé àwọn ọmọ wa fẹ́ kí ẹgbẹ́ fowó sí.

Kì í ṣe idán. Lọ́dún 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbìn ín ní Ascension, erékùṣù olókùúta láàárín òkun.

Èyí tó rọrùn jù ni ti Kratky, ará Hawaii: kò gba ẹ̀rọ rárá. Ẹ bu omi àti ajílẹ̀ rẹ̀ sínú ike, ẹ lu ihò sí ìdérí, ẹ fi ẹ̀fọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù há ibẹ̀, kí gbòǹgbò kan omi. Bí omi bá ṣe ń fà, gbòǹgbò òkè á máa mí, tìsàlẹ̀ á máa mu. Ẹ dé e dáadáa o, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ni kó wà. Yàrá tó ṣókùnkùn á gba iná mànàmáná, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Ajílẹ̀ ló ń náni lówó. NPK oko nìkan ò tó, nítorí omi ò ní ohun tí ilẹ̀ ní.

Tèmi ni pé ilẹ̀ kọ́ ló ń dùn wá n'Íkọ̀yà. Àwọn ará Ayétòrò, tí òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn, nílò rẹ̀ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni fọ́mọ. Kí ẹgbẹ́ má yá owó ra ẹ̀rọ ńlá. Ike mẹ́wàá ni ká kọ́kọ́ rà, ká wo iye ìdì tẹ̀tẹ̀ tó máa jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká tó jókòó lórí owó tó kù.